Kí Ló Dé Tí Ọmọ Tí Wọ́n Kọ́ Fi Ṣàwárí Díẹ̀?

Ẹ fojú inú wo ohun ìṣeré kan. Páìpù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n so mọ́ra wọn, ó rí wúruwùru, kò jọ ohunkóhun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Tí o bá fa páìpù kan jáde látinú èkejì, á ké fíìn bí eku. Tí o bá ti ọwọ́ bọ ibì kan tí o tẹ bọ́tìnnì tó fara pamọ́ síbẹ̀, iná á tàn. Apá kan wà tó ń kọrin tí o bá tẹ̀ ẹ́. Dígí kan sì wà nínú páìpù mìíràn, tó ń dorí ojú ẹni kodò. Iṣẹ́ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó hàn gbangba nínú wọn.

Ohun ìṣeré yìí ni Elizabeth Bonawitz, Laura Schulz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn l'Amẹ́ríkà gbé fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, 85 ni wọ́n, nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí. Fún àwọn àkọ́kọ́, olùṣèwádìí ṣe bíi tíṣà: ó ní kí ọmọ wo òun, òun fẹ́ fi bí nǹkan ìṣeré òun ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn án. Ó fa páìpù, ó ké fíìn, ó ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Fún àwọn kejì, ohun kan náà ló ṣe, àmọ́ bó ṣe fi hàn wọ́n tán ló rántí pé òun ní nǹkan kan láti sáré lọ ṣe, ó sì jáde lójijì. Fún àwọn kẹta, ó ṣe bíi pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan ọ̀hún ni, ó fa páìpù bí ẹni ṣèèṣì, ẹnu ya òun gan-an pé ó ké. Àwọn kẹrin ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, ó ní kó máa ṣeré.

Àwọn tí wọ́n kọ́ dáadáa ló kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀. Páìpù tí wọ́n fi hàn wọ́n ni wọ́n ń fà ṣáá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wá ìyókù. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó kù ṣeré pẹ́ jù wọ́n lọ, wọ́n sì rí púpọ̀ sí i nínú iṣẹ́ tó fara pamọ́.

Ẹ má tíì sáré sọ pé ẹ̀kọ́ ń sọ ọmọ di òmùgọ̀ o. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí ọmọ náà rò: "Àgbàlagbà yìí mọ nǹkan yìí dunjú. Ó lóun fẹ́ fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Ìkan péré ló fi hàn. Tó bá ṣe pé ó ṣì kù, ṣé kò ní fi hàn mí ni?" Àbí kí lẹ rò pé ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìrònú yẹn? Ẹgbẹ́ kejì ló jẹ́ ká mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀kọ́ kan náà, ẹnu kan náà ló ti jáde, àmọ́ nítorí pé tíṣà sáré jáde, ọmọ rò pé bóyá ọ̀rọ̀ ò tíì tán, ló bá ń wá ìyókù. Wọ́n tún dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kàn wà nítòsí. Tí ọmọ bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń kọ́ ọmọdé mìíràn, òun náà á dín ìwádìí rẹ̀ kù. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà bíi tirẹ̀ ló ń kọ́, ọmọ ò kà á sí, á máa wá tirẹ̀ lọ. Ọmọ kékeré tí kò tíì lè so okùn bàtà ti ń ṣírò ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí!

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé fi ń sọ nípa ẹ̀kọ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń ṣamọ̀nà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó ń wu ọmọ láti mọ̀ lásìkò yẹn ni àgbà máa tẹ̀ lé. Kì í ṣe pé kí tíṣà lọ sùn.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ohun tó ń wu ọmọ ní láárí? Lọ́dún 2015, Aimee Stahl àti Lisa Feigenson ní Yunifásítì Johns Hopkins ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọmọ oṣù mọ́kànlá. Wọ́n yí bọ́ọ̀lù kan wálẹ̀, ògiri kékeré sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan rí i pé ògiri dá a dúró, bó ṣe yẹ. Fún àwọn mìíràn, wọ́n pidán: ó dà bíi pé bọ́ọ̀lù gba inú ògiri kọjá. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kọ́ wọn pé bọ́ọ̀lù náà ń dún, àwọn tó rí idán mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò rí nǹkan ìyanu ò mọ̀ ọ́n. Ibi tó dùn jù rèé: nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ àwọn tó rí idán ògiri, ńṣe ni wọ́n ń gbá a mọ́ tábìlì, bí ẹni ń wò ó bóyá ó le lóòótọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n fi nǹkan tó dúró sínú afẹ́fẹ́ láìsí ohun tó gbé e ró hàn. Àwọn yẹn ò gbá tiwọn, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ ni. Idán tí wọ́n rí ló pinnu àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Ẹ rántí ìyẹn nígbà mìíràn tí ọmọ oṣù mọ́kànlá bá ju ṣíbí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹwàá tí ìyá rẹ̀ ń pariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Maria Montessori, dókítà ọmọ Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọdé kan ní àdúgbò àwọn tálákà ní San Lorenzo, nílùú Róòmù, ní January 6, ọdún 1907. Òun fúnra rẹ̀ ròyìn ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́ta kan tó ń ki àwọn igi róbótó bọ inú ihò wọn, tó ń yọ wọ́n, tó tún ń kì wọ́n padà. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sókè tòun tọmọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin yí i ká, kò wojú ẹnì kankan. Ó ṣe é ju ìgbà 40 lọ kó tó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Montessori tún sọ pé lọ́jọ́ kan tíṣà gbàgbé láti ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì bá àwọn ọmọ tí wọ́n ti mú ohun tí kálukú fẹ́, tí wọ́n ń báṣẹ́ lọ. Látìgbà yẹn ni àwọn nǹkan ìkọ́ni ti kúrò lábẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Ìtàn dùn o, àmọ́ ìtàn kọ́ ni ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi iléèwé Montessori méjì wé iléèwé mìíràn, ó lè jẹ́ pé ilé tí ọmọ ti wá ló ń wọ̀n. Angeline Lillard àti Nicole Else-Quest wá ọgbọ́n dá sí i: ní ìlú Milwaukee, ìbò ni wọ́n fi ń mú ọmọ wọ iléèwé Montessori ti ìjọba, nítorí náà wọ́n fi àwọn tí ìbò mú wé àwọn tí ìbò ò mú. Gbogbo òbí wọn ló fẹ́ iléèwé náà. Nínú ìwádìí yìí, tó jáde lọ́dún 2006, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí ìbò mú ṣe dáadáa jù nínú ìwé kíkà, ìṣirò àti bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn gbé. Lóòótọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n wò ò pọ̀, 112 péré, tàgbà tèwe wọn. Ṣùgbọ́n ó sàn ju ìtàn lọ.

Níbi tí mo ti yapa sí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀sìn ni pé àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ ò lè dá ṣàwárí. Kò sóhun tó wà nínú àmì "ẹ" tó lè sọ ohùn rẹ̀ fún ọmọ. Àwọn èèyàn ló fẹnu kò sí i, èèyàn ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àmì ohùn ńkọ́? Ta ló máa dá jókòó tó máa mọ̀ ọ́n? David Klahr àti Milena Nigam fi irú èyí hàn lọ́dún 2004 pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò tí kò ní màgòmágó, níbi téèyàn á ti máa yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́ tààrà, 77 nínú 100 ló mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ láti ṣàwárí fúnra wọn, 23 péré nínú 100.

Nítorí náà, àárín ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ń tọ́ka sí báyìí. Àgbà á ṣètò ohun tó wà nílẹ̀, á béèrè ìbéèrè, ọmọ á sì darí ìyókù.

Wàyí o, ẹ wo jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò yín. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kà á mọ́ iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ọmọdé pé kí ọmọ ní ẹ̀mí ìwádìí nípa yíyẹ àyíká wò, orin, iṣẹ́ ọnà àti fífi nǹkan ìṣeré ṣeré. Lẹ́yìn náà, ẹ yọjú sí kíláàsì: ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ tó di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọ̀kọ̀ mú, tó ń tọ ipa A tí àǹtí ti fi tóótòòtó yà sílẹ̀. Mi ò dá àǹtí lẹ́bi, mi ò sì dá òbí lẹ́bi tán. Ìwé tí wọ́n kọ kún ni rìsíìtì owó iléèwé. Ta ló máa mú ìbéèrè tí ọmọ béèrè lónìí délé fún bàbá rẹ̀ wò? Àmọ́ lójú tèmi, bí iléèwé bá ń yára sọ fún ọmọ láti kékeré pé "bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí", ìwádìí páìpù yẹn ti sọ ohun tí ọmọ máa gbà pé ó túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lópin ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ẹ bu zobo tó tutù gan-an sínú ife tó mọ́, kí ẹ gbé e sílẹ̀ títí omi á fi máa rí lára rẹ̀ lóde. Tó bá béèrè ibi tí omi ti wá, ẹ bi í pé, "Kí ni ìwọ rò?" Tó bá ní ife ló ń jò, ẹ má ṣe já a níròó. Ẹ fún un ní tíṣù funfun, kó fi nu ara ife, kó wò ó bóyá á pọ́n. Kò ní pọ́n. Kẹ́ ẹ wá gbé ife kejì tí kò tutù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ wo èyí tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.