Ṣé àtọ̀gbẹ ìyá mi ń bọ̀ wá bá mi?

Ìbéèrè: Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ní àtọ̀gbẹ. Tòmátì ni mò ń tà ní Mile 12, n kì í sì í mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣé tèmi náà ti dájú? (Oǹkàwé kan, Kétu)

Ìdáhùn: Kò dájú, àmọ́ ewu tiyín ju ti ẹni tí kò ní in nínú ẹbí lọ. Ní 2019, onímọ̀ nípa jíìnì, Adebowale Adeyemo, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì àwọn èèyàn tó lé ní 5,000 wò láti Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà. Jíìnì TCF7L2, tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ àtọ̀gbẹ káàkiri ayé, ló hàn jù. Wọ́n tún rí jíìnì mìíràn, ZRANB3. Kò sí èyí tó ń dá àtọ̀gbẹ fà.

Ẹ ò lè yí jíìnì padà, nítorí náà, ikùn ni kí ẹ ṣọ́. Ọ̀rá tó bá kún inú rẹ̀ máa ń tú èròjà bíi TNF-alpha àti IL-6 sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á wá máa bá kòkòrò tí kò sí jà, ínsúlìn, tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ò sì ní ríṣẹ́ ṣe dáadáa. (Bí ẹ ò tilẹ̀ ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ̀bà rẹpẹtẹ lálẹ́ náà ń di ṣúgà o!)

Ẹ má náwó sórí àyẹ̀wò jíìnì. Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan. Bó bá tó 126 mg/dL lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tètè rí dókítà.