Ẹ̀KỌ́ WA TOṢÙ YÌÍ: ÀGBỌN INÚ ÌKÒKÒ

 

Ọ̀rọ̀ àgbọn tí à ń gbìn sínú ìkòkò la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìlà àwa aláṣọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra àgbọn tó ti hù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, tí a ń gbé e sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tàbí páálọ̀ kó lè dùn ún wò. Oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó gbẹ, ó kú. Ni wọ́n bá ní ẹnu ayé ni, ni wọ́n ní aládùúgbò báyìí ló fojú burúkú wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń pa á.

Ẹni tó bá ti la àgbọn tó hù rí á mọ ohun funfun rọ́bọ́tọ́ bíi fóòmù tó máa ń wà nínú ẹ̀, tí àwọn ọmọdé máa ń jà sí. Òun ni igi kékeré yẹn fi ń fa omi àti ara funfun inú àgbọn mu, bí ọmọ tó ń mu ọmú. Tí oúnjẹ bá ṣì wà níbẹ̀, ibi tí oòrùn kò ti pọ̀ lẹ gbé e sí o, á ṣì máa dán. Ọjọ́ tí ọmú bá gbẹ, ewé nìkan ló kù tí á máa wá oúnjẹ fún un, oòrùn sì ni ewé fi ń dáná tiẹ̀. Ebi ló pa á, kì í ṣe èèyàn.

Nítorí náà, ibi tí oòrùn ti ń ràn án tààrà fún bíi wákàtí 6 lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí: iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀bá fèrèsé ńlá. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú ilé, ẹ má ṣàdédé gbé e bọ́ sí oòrùn ọ̀sán gangan, ewé ẹ̀ á jóná. Oòrùn àárọ̀ ni kó kọ́kọ́ máa rí fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ má sì gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù. Igi etí òkun ni, bí àwọn tó wà ní Àgbádárìgì. Ooru ló mọ̀. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù òdòdó, ṣùgbọ́n nígbà òtútù tí oòrùn kì í yọ dáadáa, ìyà ńlá ló ń jẹ ẹ́.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-lítà 20 dára ju ìkòkò kékeré lọ. Ẹ lu ihò bíi mẹ́fà sí ìdí ẹ̀. Yanrìn ìdajì, ilẹ̀ dúdú ìdajì, àti ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ tó ti jẹrà. Ẹ má ri gbogbo àgbọn náà mọ́lẹ̀ o. Kí ìdajì ẹ̀ yọ síta. Tẹ́ ẹ bá fi ìka kan ilẹ̀ tí òkè ẹ̀ ti gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi jáde nísàlẹ̀. Omi tó bá dúró sínú àwo ìsàlẹ̀, ẹ dà á nù; gbòǹgbò á jẹrà, ẹ̀fọn náà á wá bímọ síbẹ̀.

Àwọn kan ń da iyọ̀ sí i. Nínú oko ńlá, òjò á fọ̀ ọ́ lọ. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ibo ni iyọ̀ fẹ́ gbà jáde? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí òwú bíi ti aláǹtakùn lábẹ́ ewé, kòkòrò tíntìntín ló wà níbẹ̀. Omi ọṣẹ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ àti àkísà tó mọ́ ti tó láti nù ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ín tà, àgbọn tó gbó, tí èèpo ẹ̀ ṣì wà lára, tí omi ń dún nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá mì ín, ni kẹ́ ẹ mú. Ó lè tó oṣù 3 sí 6 kó tó hù. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kò ní so nínú ìkòkò, àti pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilẹ̀ ló máa bọ́ sí. Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ni kó gbìn ín, kó sì jìnnà sí páànù àti ibi tí àwọn èèyàn ń jókòó.