Kí Ẹ Tó Lọ Pàgọ́ Nígbó Òyìnbó

Ẹ̀yin ọmọ wa ní California, inú mi dùn pé ẹ ti ń jáde nílé lọ wo ilẹ̀ tí ẹ ń gbé. Àwọn kan nínú àwa àgbà gbà pé ìyà ni kéèyàn nílé lórí kó tún lọ sùn nígbó. Èmi kò sí lára wọn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí kò tíì jókòó síta lóru ní aṣálẹ̀ Joshua Tree, kó rí bí ìràwọ̀ ṣe kún ojú ọ̀run, kò tíì rí Amẹ́ríkà tán.

Gbólóhùn kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín ló ń bà mí lẹ́rù: "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, abúlé la dàgbà sí, a mọ igbó." Òótọ́ ni, ẹ mọ igbó Ìkirè, ẹ mọ igbó Oǹdó. Níbẹ̀, omi kì í jìnnà, èèyàn kì í sì í rìn títí kó má kan oko ẹnì kan. Igbó tibí kò mọ ẹ̀yin. Àwọn òfin tí ìjọba kọ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà páàkì, tí ẹ máa ń kọjá lára wọn bí ẹni tí kò rí wọn, ohun tójú rí ló bí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti aṣálẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pa èèyàn láìpariwo. Ní Joshua Tree, ọ̀pọ̀ ibùdó bíi Jumbo Rocks àti Hidden Valley kò ní omi rárá. Kò sí ẹ̀rọ omi, kò sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù kì í sì í ṣiṣẹ́ ní ibi tó pọ̀ jù. Omi tí ẹ bá gbé wá lẹ máa mu, òun náà lẹ máa fi dáná, òun lẹ máa fi fọ àwo. Àwọn òṣìṣẹ́ páàkì sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù kan lóòjọ́, ó kéré tán, kó di méjì bí oòrùn bá mú tàbí tí ẹ bá máa rìn jìnnà. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: èèyàn mẹ́rin, ọjọ́ méjì, gálọ́ọ̀nù méjì méjì lóòjọ́, gálọ́ọ̀nù 16 nìyẹn. Páálí omi oníke méjì tí ẹ jù sẹ́yìn ọkọ̀ kò dé ibì kankan.

Ní ti aṣálẹ̀ Death Valley, ẹ má dán an wò nígbà ooru. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1913, ooru Furnace Creek tó wà níbẹ̀ dé 56.7 lórí ìwọ̀n Celsius, òun ló sì ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ pé ó ga jù láyé. Ẹ dúró di oṣù kọkànlá. Nígbà náà pàápàá, ẹ kó aṣọ òtútù dání, torí ilẹ̀ tó ń jóni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án lè mú èèyàn gbọ̀n lóru. Ẹ má pàgọ́ sójú odò gbígbẹ, bó ti wù kí iyanrìn ibẹ̀ tẹ́jú tó. Òjò tó rọ̀ lórí òkè tí ẹ kò fojú rí lè gbabẹ̀ wá ká yín mọ́lé. Láàárọ̀, ẹ gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé. Ejò ibẹ̀ kan wà tó ń mi ìrù bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, ẹ wo ibi tó wà, kí ẹ rọra padà sẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ igbó Yosemite lẹ ń lọ, oúnjẹ yín ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Oúnjẹ tiwa ń ta sánsán: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, súyà, ẹja gbígbẹ, ata díndín. Imú béárì dúdú sì mú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àpótí onírin kan wà létí ibùdó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe ibi tí a ti ń ṣí i kó há, kí ọwọ́ èèyàn lè wọ̀ ọ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ béárì má wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ ń gbé, tòun ti ọṣẹ, ìpara, ọṣẹ ìfọyín àti kúlà tó ti ṣófo, torí gbogbo ohun tó bá ti ń rùn, oúnjẹ ni lójú béárì. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lóru. Béárì máa ń fọ́ gíláàsì, ó máa ń ya ilẹ̀kùn ọkọ̀. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé béárì tó bá ti tọ́ oúnjẹ èèyàn wò kì í fẹ́ padà sídìí èso igbó mọ́. Yóò máa yọ èèyàn lẹ́nu, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé pípa ni wọ́n máa ń pa á. Àìbìkítà yín ló pa á yẹn.

Ẹ ṣọ́ iná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, iná kan bẹ́ sílẹ̀ nínú igbó Stanislaus. Ìjọba ní ọdẹ kan ló dá a níbi tí òfin kò gbà, tó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jó ilẹ̀ tó lé ní 250,000 éékà, ó sì wọ inú Yosemite. Tí ẹ bá fẹ́ lọ sùn, ẹ da omi sí iná yín, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ ó fi lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú tí kò ní gbóná. Igi ìdáná, nítòsí ibi tí ẹ bá ti fẹ́ dáná ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ má baà kó kòkòrò láti ìlú kan wọ igbó mìíràn. Ní Joshua Tree, ṣíṣa igi gbígbẹ pàápàá, èèwọ̀ ni. Àti pé bó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ má gbé èédú wọ inú àgọ́! Gáàsì tí imú kò gbọ́, tí ojú kò rí, ló ń ti ara rẹ̀ jáde. Ìdílé tó sùn pẹ̀lú rẹ̀ lè má jí.

Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀, ẹ pa orin. Àwọn ará ibùdó kejì náà wá sinmi ni.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ orúkọ ibùdó àti nọ́ńbà ààyè yín fún ẹnì kan nílé, ẹ sọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ máa dé fún un. Bí ẹ kò bá dé nígbà náà, kó mọ ẹni tó máa pè.