Àrùn Tí Ń Mú Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ-Ọwọ́ Le

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí àrùn kan tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Nínú nǹkan bí ọmọ 200,000 tí a bí, a ṣírò pé ẹyọ kan ni ó ń ní i. GACI ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó ní ohun tí ó lè kọ́ gbogbo òbí.

Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara a máa rọ̀. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, iṣan a fẹ̀. Bí ọkàn bá sinmi, iṣan a súnkì. Kálísíọ́mù, èròjà tí ń mú egungun àti eyín le, wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí ara ń ṣe ni kì í jẹ́ kí ó dì mọ́ iṣan. Bí ohun náà kò bá tó nínú ara ọmọ, iṣan a le, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a fún, ọkàn a sì ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, láti inú oyún ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 1901 ni Bryant àti White, oníṣègùn ní London, kọ̀wé nípa ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ó ní irú rẹ̀. Ó di 2003 kí àwọn onímọ̀ tó rí ìdí rẹ̀: àbùkù nínú ohun àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní ENPP1. Ní 2012, wọ́n tún rí èkejì, ABCC6.

Báwo ni ọmọ ṣe ń jogún rẹ̀? Ní Ìdí-Àrábà, lẹ́bàá Mushin àti Sùúrùlérè ní Èkó, ibùdó ìtọ́jú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà níwájú Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ìṣirò àrùn yẹn: bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà sì jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le, ṣùgbọ́n nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Bákan náà ni ti GACI. Kì í ṣe pé bí ọmọ kan bá ti ṣàìsàn, mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ti bọ́. Ewu náà tún ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nínú oyún kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ọmọ méjì lè kú tẹ̀lé ara wọn nínú ilé kan, kí a sì pè wọ́n ní àbíkú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó, kì í ṣe iṣẹ́ ìyá ọkọ. Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn di èké. Ó ṣòro kí oògùn jẹ́ níbi tí a kò ti mọ orúkọ àrùn.

Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí ó ní GACI ni ó ń kú kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó rékọjá rẹ̀ ń yè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun àwọn mìíràn a máa wọ́ bí wọ́n ti ń dàgbà. Kò tí ì sí oògùn tí ń mú un kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí ń ran ọkàn lọ́wọ́, tí ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀.

Bí ọmọ-ọwọ́ bá ń mí gúlegúle, tí kò lè mu ọmú, tí ètè rẹ̀ ń dúdú tàbí tí ara rẹ̀ ń wú, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ohunkóhun tí ó wù kí ó fà á, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Bí ọmọ bá sì ti kú nínú ilé náà rí, ẹ sọ fún dókítà. A mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n dókítà níláti mọ iye tí ó ti lọ kí ó lè ran èyí tí ó kù lọ́wọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ le?
2. Báwo ni òbí méjì tí ara wọn le ṣe lè bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí?
3. Kí ni ó yẹ kí a sọ fún dókítà?