Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ojú Kò Rí: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Tí Ń To Ẹ̀rọ Abánáṣiṣẹ́

Ẹsẹ Bíbélì fún ẹ̀kọ́ yìí: Ẹ́kísódù 31:1-6 àti 35:25-35, Númérì 31:21-23.

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè pé ta ni ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún, a óò máa dárúkọ Ábúráhámù, Mósè, tàbí ọ̀kan nínú àwọn wòlíì. Bésálẹ́lì ọmọ Úrì ni. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọkùnrin náà: ó ń gbẹ́ igi, ó ń gé òkúta, ó ń fi wúrà, fàdákà àti idẹ ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́. Nígbà tí a bá dé orí karùndínlógójì, a óò rí i pé ahunṣọ wà nínú àwọn tí Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí lọ́kàn, àti àwọn obìnrin tí ń fi ọwọ́ ara wọn rànwú. Ìwọ̀n àgọ́ ni àwa máa ń há sórí nítorí ìdánwò; a kì í dúró pẹ́ lórí àwọn tí wọ́n kọ́ ọ.

Iṣẹ́ kan wà lóde òní tí mo gbà pé ó jẹ́ ìbátan iṣẹ́ Bésálẹ́lì. Òun ni iṣẹ́ àwọn tí ń to ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà, fóònù, ẹ̀rọ tí ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù ní ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ wa ń ṣe é, pàápàá àwọn tí wọ́n wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n bí àwọn òbí wọn bá wà láàárín ẹgbẹ́, "Ọmọ mi wà ní ilé iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún" ni gbogbo ohun tí wọn yóò sọ, wọn a sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Èmi náà ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì, lálaalẹ́, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo ń sọ.

Ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń mú lọ́wọ́ ni pátákó pẹlẹbẹ tí àwọn atúnrédíò-ṣe wa ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì. A ti fi bàbà fa ìlà tín-ín-rín sí ojú rẹ̀ bí ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó. Ojú ọ̀nà wọ̀nyí ni iná yóò máa gbà. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni láti fi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, resistor, capacitor, transistor, kí ó sì jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bàbà. Àwọn ẹ̀yà kan kéré ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń to irú wọn lóde òní. Èyí tí ó tóbi, èyí tí ó ní wáyà, èyí tí ẹ̀rọ gbé sí ibi tí kò yẹ, ọwọ́ ènìyàn ni ó kù sí. Àwọn ẹ̀yà mìíràn ní orí àti ìdí. Bí a bá fi orí sí ibi ìdí, ó lè bú gbàmù nígbà tí a bá tan iná sí i.

Ohun tí a fi ń jó o ni wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà pípẹ́, àpòpọ̀ tánganran àti òjé ni. Èyí tí a mọ̀ jù ní tánganran ìdá 63 àti òjé ìdá 37 nínú 100, ó sì ń yọ́ ní ìwọ̀n 183 Celsius. Ẹni tí ó bá ṣí Númérì 31:22 yóò rí àwọn méjèèjì níbẹ̀, pẹ̀lú wúrà, fàdákà, idẹ àti irin, nínú àwọn ohun tí Élíásárì àlùfáà pàṣẹ pé kí a mú la iná kọjá kí wọ́n lè mọ́. Ṣùgbọ́n òjé léwu, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí èyí ni òfin Yúróòpù fi lé e kúrò nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2006. Àpòpọ̀ tí ó rọ́pò rẹ̀, tánganran pẹ̀lú fàdákà àti bàbà díẹ̀, ń fẹ́ iná tí ó ju ti àtijọ́ lọ, nǹkan bí ìwọ̀n 217.

Ibí ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà. Bí irin ìjórin kò bá gbóná tó, tàbí tí ọwọ́ mì kí lẹ́ẹ̀dì tó dì, lẹ́ẹ̀dì yóò bo ẹsẹ̀ ẹ̀yà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mú un. Ní ojú lásán, ó lè dára. Iná tilẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dán an wò, kí wọ́n kó o sínú páálí, kí wọ́n sì tà á. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ooru àti mímì yóò tú u. Ti iná tí ara ènìyàn ń kó pamọ́ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa ni a mọ bí aṣọ ọ̀rá ṣe ń ta pàrà-pàrà nígbà ọyẹ́. Iná náà ní láti tó nǹkan bí 3,000 fólítì kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí kò tó 100 fólítì ti tó láti ṣe àwọn ẹ̀yà kan léṣe. Òṣìṣẹ́ fọwọ́ kàn án, kò gbọ́ nǹkan kan, kò rí nǹkan kan, ẹ̀yà náà kò sì kú. Ó gbọgbẹ́ nínú ni, ilé ẹni tí ó rà á ni yóò kú sí. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi ń de ẹ̀gbà kan mọ́ ọrùn ọwọ́, tí wáyà rẹ̀ ń gbé iná náà lọ sílẹ̀.

Alábòójútó kò lè dúró ti ènìyàn láti òru mọ́jú. Ẹ̀rọ ìdánwò kì í sì í mọ ẹ̀yà tí ó gbọgbẹ́. Ní agogo mẹ́rin òru, tí oorun ń kun ojú, tí iye pánẹ́ẹ̀lì tí a gbọ́dọ̀ parí kò tíì pé, ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ pé ọwọ́ òun mì kí lẹ́ẹ̀dì tó dì. Obìnrin ará Vietnam kan wà ní tábìlì tí ó tẹ̀ lé tèmi, tí yóò fi àmì pupa sí ara pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, tí yóò sì dá a padà fún àtúnṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Iye tirẹ̀ sábà máa ń kéré sí tiwa, ọ̀gá a máa kùn sí i, owó ìmóríyá kì í sì í kàn án. N kò ní sọ fún yín pé wọ́n gbé e ga nígbẹ̀yìn. N kò rí i kí wọ́n gbé e ga. Ìlànà IPC fún iṣẹ́ yìí pín ẹ̀rọ sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kẹta ni ti àwọn ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, irú èyí tí ń gbé ẹ̀mí aláìsàn ró. Bí mo bá wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tí obìnrin náà tò ni mo fẹ́.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn iṣẹ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé ìdí rẹ̀. Ní ìlú Waltham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Raytheon fi ọwọ́ hun ibi ìkó-ìmọ̀-pamọ́ sí kọ̀ǹpútà tí ó tọ́ ọkọ̀ Apollo sọ́nà lọ sí òṣùpá. Hun ni mo wí, n kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Wáyà ni òwú wọn: bí wáyà bá gba inú òrùka kékeré kan kọjá, ení ni kọ̀ǹpútà yóò kà, bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òdo ni. Ẹni tí ó bá ti rí bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń ju ọ̀kọ̀ gba àárín òwú yóò mọ irú ọgbọ́n tí mo ń sọ. Bí wọ́n bá sì ti hun ún tán, kò rọrùn láti tú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin balẹ̀ sórí òṣùpá. Ayé mọ orúkọ àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó lè dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Waltham kò wọ́pọ̀, gẹ́gẹ́ bí Ẹ́kísódù kò ti kọ orúkọ àwọn obìnrin tí wọ́n rànwú àgọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, n kò ní kí ẹ pe iṣẹ́ náà ní oyin. Ó ń sú ni. Ojú a máa ro, ọrùn a máa le, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹni tí ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà. Bí ọmọ bá fẹ́ kàwé sí i, ẹ ràn án lọ́wọ́. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ọmọ máa purọ́ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù nípa iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí pé ìyá kò fẹ́ gbọ́. Nínú iṣẹ́ àlùfáà mi, mo ti jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ti rí i tí ó sunkún. Ọmọ tí a sọ di òpùrọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni a tún ń retí kí ó ṣòótọ́ nídìí pánẹ́ẹ̀lì lóru.

Ẹ bi í léèrè bí òbí tí ó mọ ohun tí iṣẹ́ jẹ́. Ṣé ẹ̀rọ tí ń fa èéfín wà lórí tábìlì rẹ̀? Èéfín oje igi tí a fi ń mú lẹ́ẹ̀dì ràn lè fa ikọ́ fée. Ṣé lẹ́ẹ̀dì tí ó ní òjé ni wọ́n ń lò, tàbí èyí tí kò ní? Bí ó bá ní òjé, kí ó má ṣe jẹun lórí tábìlì iṣẹ́, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé abẹ́ èékánná kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ kí ó tó gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra nílé.