Ẹni tí Ó La Ẹnu fún Àwọn Tí A Tà

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Gẹ́nẹ́sísì 37:23-28, Òwe 31:8-9, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:16-24

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí a lè mọ̀ pé láti ilé ni a ti ń ta ọmọ, láti ilé náà ni ìdáǹdè sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

ÌFÁÀRÀ
Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, bí a bá ń ka ìtàn Jósẹ́fù, àwọn oníṣòwò Íṣímáẹ́lì ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n wọn kò jí Jósẹ́fù gbé. Wọ́n rà á ni. Àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n gba ogún owó fàdákà. Àwọn àgbà wa ní, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kíkó ènìyàn ṣòwò rí títí di òní.

AMÒFIN KAN NÍ ÌPÍNLẸ̀ ẸDÓ
Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Yinka Omorogbe. Ìmọ̀ òfin epo rọ̀bì ni a fi mọ̀ ọ́n. Ó ti jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ti ṣe akọ̀wé àti olùdámọ̀ràn òfin fún ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, NNPC. Lẹ́yìn náà ni ó di Agbẹjọ́rò Àgbà àti Kọmíṣọ́nà fún ètò ìdájọ́ ní Ẹdó lábẹ́ Gómìnà Godwin Obaseki.

Ọ̀ràn tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe ti epo. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń kó àwọn ọmọbìnrin Ẹdó gba aṣálẹ̀ àti Líbíà kọjá lọ sí Ítálì. Iṣẹ́ irun dídì tàbí ọmọ títọ́jú ni a ṣèlérí fún wọn. Aṣẹ́wó ni a fi wọ́n ṣe, pẹ̀lú gbèsè tí ó lè ju 20,000 euro lọ lọ́rùn wọn. Ní Oṣù Kẹjọ 2017, ìjọba Ẹdó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gbógun ti òwò yìí, amòfin yìí sì ni alága rẹ̀.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́
1. Òfin gbọ́dọ̀ gbèjà ẹni tí a tà. Ọmọbìnrin inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ń mú èrè wọlé fún àwọn olówó rẹ̀. Nígbà tí ó gba ìtúsílẹ̀, àwọn olówó rẹ̀ ni wọ́n sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn onídàájọ́, a sì gbọ́ tiwọn. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lòdì sí òwò yìí ní 2003, ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀. Ní 2018, Ẹdó ṣe òfin tirẹ̀: ẹni tí ó bá jẹ̀bi yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, yóò sì san mílíọ̀nù 1 náírà.

2. Ẹ̀rù ni ẹ̀wọ̀n tí ó le jù. Kí ọmọ tó kúrò nílé, a ó mú un lọ sí ojúbọ, a ó gé irun àti èékánná rẹ̀, yóò sì búra pé òun yóò san gbèsè, òun kò sì ní tú àṣírí. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, kò ní lè sọ̀rọ̀. Níbo ni amòfin yóò ti rí ẹlẹ́rìí? Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì pe àwọn olùtọ́jú ojúbọ sí ààfin ní Benin, ó tú gbogbo ìbúra bẹ́ẹ̀ ká, ó sì fi àwọn tí ó bá tún ṣe é gégùn-ún. Àwa gbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ń tú gbogbo ìdè. Síbẹ̀, fún ọmọ tí ojúbọ ti dí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ Ọba rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó lè gbọ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

3. Iṣẹ́ àwọn baba wa ni. John Wesley kọ ìwé lòdì sí òwò ẹrú ní 1774. Àwọn tí a dá nídè kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n padà láti Sierra Leone, ni wọ́n ránṣẹ́ pe ìjọ wa wá sí Àgbádárìgì ní 1842. Ọmọ òmìnira ni Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ wa.

NÍNÚ ILÉ TIWA
Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọ̀dọ̀ wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sí iṣẹ́ ilé. Ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. Ọmọ tí a bẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé a ó rán lọ sí ilé-ìwé, tí ó ń kiri ọjà nígbà tí àwọn ọmọ wa jókòó ní kíláàsì, kí ni a ó pè é níwájú Ọlọ́run? Bí ìbátan kan bá sì wá fi iṣẹ́ òkè òkun lọ ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ ọ̀gá, irú iṣẹ́ àti ẹni tí ó ń sanwó ọkọ̀. Bí ìdáhùn kò bá yéni, ọ́fíìsì NAPTIP wà ní Èkó, Òṣogbo àti Benin.

FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Àwọn wo ni wọ́n jẹ nínú owó tí a ta Jósẹ́fù?
2. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe fún ọmọbìnrin tí ó padà láti Líbíà, tí àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?
3. Ta ni kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ nínú ilé wa?

ÀDÚRÀ
Olúwa, ìwọ tí o wà pẹ̀lú Jósẹ́fù ní Íjíbítì, wà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tí a tà. La ẹnu wa, kí o sì wẹ ọwọ́ wa mọ́. Àmín.