ỌKỌ̀ TÍ KÒ FÀ MỌ́: BÍ A TI Í WÁ ÌDÍ ÀRÙN KÍ A TÓ NÁWÓ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, pàápàá Peugeot 504 tó ń lo pẹtiróòlù. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ń to Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Títí di òní ni a ṣì ń rí 504 tó ń kó iṣu, àgbàdo àti ata láti oko wá sí ọjà.

Ní abúlé tí ọkọ̀ kan ṣoṣo wà, ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ẹni tó ni ín nìkan. Òun ló ń gbé ìkórè lọ sí ọjà, òun náà ló ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Bí kò bá fà mọ́, tòmátì yóò jẹrà lójú ọ̀nà, owó ilé-ìwé ọmọ yóò sì bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra ohun èlò kí wọ́n tó mọ ohun tó bàjẹ́. Wọ́n á pààrọ̀ pùlọ́ọ̀gì, wọ́n á ra kàbúrétọ̀, wọ́n á sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ kò ní yí padà. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀." Òfin wa kò ju ọ̀kan lọ: kí a kọ́kọ́ yẹ ohun tí kò gba owó wò, kí a má sì ra ohun tí a kò tíì dán wò.

ṢÉ Ẹ́ŃJÌNNÌ GAN-AN NI?

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ara yín: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni, tàbí nígbà tó gbóná? Ṣé lórí òkè pẹ̀lú ẹrù nìkan ni, tàbí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú?

Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi òkúta dí àwọn yòókù, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i ní níútírà. Bí ọ̀kan bá le láti yí, búréèkì ló ń dì í mú, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ń ròkè ṣùgbọ́n tí eré ọkọ̀ kò pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó náà ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó sì ń jẹ epo.

Ẹ wo èéfín pẹ̀lú. Èéfín dúdú fi hàn pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èéfín aláwọ̀ aró fi hàn pé ọ́ọ̀lì ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Èéfín funfun tí kò dẹ́kun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi rádíétọ̀ sì ń dín kù, jẹ́ àmì pé ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó.

AFẸ́FẸ́

Ní apá òkè tí a ń gbé yìí, eruku ọyẹ́ àti erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà kì í jẹ́ kí fíítà afẹ́fẹ́ pẹ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e sí iwájú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ẹ rọra gbá eruku rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fẹ́ ẹ láti inú sí ìta. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ní ọ́ọ̀lì nísàlẹ̀, ẹ da ọ́ọ̀lì tó dọ̀tí nù, kí ẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ sì bu òmíràn sí i dé ojú ìlà. Ẹ má ṣe yọ fíítà sọ nù kí ọkọ̀ lè fà. Yóò fà fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku náà yóò lọ ara inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni lọ ata.

EPO

Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà máa ń ní omi àti ìdọ̀tí nínú. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ìgò ni ẹ ó ti rí i. Bí ẹ bá rí i, ẹ fa epo táǹkì àti ti ìsàlẹ̀ kàbúrétọ̀ jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ fíítà epo.

Bí ọkọ̀ bá sáré dáadáa fún máìlì díẹ̀, tó wá ń rẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ fà wọlé pẹ̀lú ariwo, tí ọkọ̀ sì tún ń lọ, ihò kékeré tí táǹkì fi ń mí ló dí. Ẹ rọra ṣí ihò náà, kò gba kọ́bọ̀. Ohun kékeré yìí lè mú kí ènìyàn ra páńpù epo tuntun lásán.

INÁ

Ẹ fi àmì sí wáyà pùlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ má baà dà wọ́n pọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ fi rọ́bà gbígbẹ tó nípọn di orí wáyà kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dá a padà kíá. Èyí tí ẹ bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ibẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi pùlọ́ọ̀gì ibẹ̀ ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àrùn bá bá pùlọ́ọ̀gì lọ, pùlọ́ọ̀gì ló bàjẹ́. Bí ó bá dúró síbi tó wà, ẹ dán wáyà wò bákan náà. Ẹ tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn: wáyà tó ti là yóò máa ta iná pàrà-pàrà, pàápàá ní ìgbà òjò.

Ẹ wo ẹnu pùlọ́ọ̀gì. Bí ó bá ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, ó dára. Bí ó bá dúdú bí èédú tó sì gbẹ, epo pọ̀ jù. Bí ó bá tutù fún ọ́ọ̀lì, ọ́ọ̀lì ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí kọ́ńtáàtì inú dístríbítọ̀ bá ti jó, kí mẹkáníìkì tún un ṣe, kí ó sì wọn àlàfo rẹ̀, bíi 0.4 mílímítà.

INÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọkọ̀ kò sì fà, ìgbà náà ni kí ẹ lọ bá mẹkáníìkì tó ní géèjì tí a fi ń wọn kọ̀ńpírẹ́ṣọ̀n. Kí ó kọ́kọ́ tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe bí ìwé ọkọ̀ ti wí, nítorí èyí kò wọ́n. Bí géèjì bá lọ sílẹ̀ níbì kan, kí ó bu ọ́ọ̀lì díẹ̀ sí ojú ihò pùlọ́ọ̀gì ibẹ̀, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n. Bí géèjì bá ròkè, ríńgì písítìnì ló ti jẹ. Bí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láìṣe ìdánwò yìí lójú yín.

Bí mẹkáníìkì kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe é. Ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu ògbufọ̀. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ tún ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ lítà epo àti kìlómítà tí ọkọ̀ fi rìn sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìwé yẹn ti di ohun tí kò yẹ kí a ṣàìní. Òun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ara ọkọ̀ kò yá.

ÌKÌLỌ̀

Ẹ má fi ẹnu fa epo. Ẹ má gbé fìtílà tàbí sìgá sún mọ́ ibi tí ẹ ti ń ṣí ọ̀nà epo. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a tì, nítorí májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má ṣí rádíétọ̀ nígbà tó gbóná. Kí àwọn ọmọdé jìnnà sí ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Kí ni èéfín dúdú ń sọ fún wa? Kí ni èéfín aláwọ̀ aró ń sọ?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé omi wà nínú epo tí a rà?
3. Ọkọ̀ kan ń kú lẹ́yìn máìlì mẹ́rin, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ bí a bá ṣí ìdérí táǹkì. Kí ló ṣe é?
4. Èwo nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí ni awakọ̀ abúlé yín lè ṣe kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé?